Àpótí Ìwé Little Free Library Lọ́wọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Ilé Ìkàwé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Rà àti Ohun Tí Ẹ Lè Fọwọ́ Ara Yín Ṣe

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní ilé ìkàwé Amẹ́ríkà bá ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi tún àdúgbò ṣe, àpótí ìwé etí títì kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn. Ilé kékeré kan ni, ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn tí èèyàn lè wo inú rẹ̀ láti ìta, orí òpó ló dúró sí. Ẹni tó ń kọjá lọ a mú ìwé tó wù ú, ẹni tó bá ní ìwé tó ti kà tán a fi síbẹ̀. Kò sí káàdì, kò sí ọjọ́ ìdápadà, kò sí owó ìtanràn. Àjọ Little Free Library tó wà ní St. Paul, Minnesota, ló ń ta àpótí náà, òun náà ló sì ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ náwó lé e lórí la kọ àyẹ̀wò yìí fún, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó ń darí wọn, àti àwọn òbí wa tó ń wa ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí a fì sí. Àwo orúkọ tí àjọ náà ń tà, tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lára, tó owó rẹ̀. Àpótí tí wọ́n ti kàn parí náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là ló ń kó lọ, ó sì ń gba apá tó dùn jù nínú iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́ igi bá wà nítòsí, ẹ kàn án fúnra yín. Bí kò bá sí, ẹ ra irú èyí tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ sílẹ̀, tó kù kí ẹ tò pọ̀ kí ẹ sì kùn ún lọ́dà. Ìtọ́jú lẹ́yìn ọjọ́ ìṣíde ni ẹnikẹ́ni kì í tà, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti máa ń dojú dé.

Todd Bol ló kan àkọ́kọ́ ní Hudson, Wisconsin, lọ́dún 2009, ní ìrántí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́. Igi ilẹ̀kùn gáréèjì àlòkù ló lò, ó ṣe é bí ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan. Òun àti Rick Brooks, tí wọ́n jọ dá ètò náà sílẹ̀, fi nǹkan bí 2,500 ṣe iye tí wọ́n fẹ́ lé bá, torí iye ilé ìkàwé tí owó Andrew Carnegie, olówó ńlá Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2012 wọ́n kọjá rẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ ọ́ di àjọ tí kì í pa èrè. Bol kú ní 2018, àpótí tó pé 100,000 sì wọ ìwé àjọ náà ní 2020. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àwọn ọmọ pé èyí tí wọ́n fi igi àlòkù kàn kò kún ojú òṣùwọ̀n, kí wọ́n rántí ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lò.

Nípa wákàtí iṣẹ́ ìlú, ìyẹn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe fún àwùjọ, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará wa ní Maryland gidi. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wákàtí 75 kó tó gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama, àyàfi bí county rẹ̀ (ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀) bá ní ètò tirẹ̀ tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Ní Washington, D.C., wákàtí 100 ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò fiyè sí ni pé ètò Maryland kò dúró lórí kí ọmọ di òòlù mú nìkan: ìmúrasílẹ̀, iṣẹ́ gan-an, àti àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀. Ìpàdé tí wọ́n ti wọn ilẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí onílẹ̀, ìwé tí wọ́n tò, gbogbo rẹ̀ lè wọ inú wákàtí náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹni tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àti bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí. Bí ó bá di oṣù May kí ẹ tó béèrè, kò ní sí ẹni tó rántí ohun tí ọmọ ṣe ní November.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ẹ má gbé e sí iwájú ilé ìkàwé. Ibẹ̀ ló rọrùn jù, torí kò sí ìwé àṣẹ tí ẹ ó tún máa wá kiri, àmọ́ àwọn tó ń débẹ̀ ti ní ilé tó kún fún ìwé níwájú wọn. Ibi tí àpótí yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù ni ibi tí èèyàn ti ń dúró de nǹkan: ilé ìfọṣọ olówó ẹyọ, ibùdókọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ọmọdé, àgbàlá ilé onífúláàtì tó jìnnà sí ilé ìkàwé, iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kí àwọn ọmọ fi máàpù ilé ìkàwé wá ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ kò ti lè rìn dé ẹ̀ka kankan, kí wọ́n sì wò ó bóyá àpótí mìíràn ti wà nítòsí lórí máàpù àjọ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti títì sábà máa ń jẹ́ ti ìjọba, kódà bí onílé bá ń gé koríko ibẹ̀. Ní Leawood, ìpínlẹ̀ Kansas, lọ́dún 2014, ìlú pàṣẹ pé kí wọ́n yọ àpótí ọmọ ọdún 9 kan kúrò níwájú ilé wọn, torí òfin ìlú kò gba ilé kékeré tó dá dúró sí iwájú ilé. Ìgbìmọ̀ ìlú padà yọ irú àpótí bẹ́ẹ̀ kúrò nínú òfin náà, lẹ́yìn tí ariwo rẹ̀ ti gba orí tẹlifíṣàn. Kí ẹ má bàa gba ọ̀nà yẹn, ẹ gba lẹ́tà tí onílẹ̀ fọwọ́ sí. Ohun mẹ́rin ni kó wà nínú rẹ̀: ẹni tó ni àpótí, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, iye ọdún tí onílẹ̀ gbà pé kó fi dúró, àti ẹni tí yóò wú u bí nǹkan bá yí padà. Bí ilé bá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé, ẹ gba ti ẹgbẹ́ náà mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ẹ pe 811. Ọ̀fẹ́ ni, jákèjádò Amẹ́ríkà ló sì wà. Wọn yóò rán àwọn tó ń fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí wáyà iná, páìpù gáàsì àti ti omi gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí ó ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan. Ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ọmọ ti péjọ kọ́ ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kàn án fúnra yín

Ẹyọ plywood kan, irú tó lè gbójò, tó nípọn ¾ ínǹṣì, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 8, tó fún àpótí kan, yóò sì ṣẹ́kù. Ìwọ̀n tí a fẹ́ràn nìyí: inú rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 20, ó jìn ní 15, iwájú ga ní 24, ẹ̀yìn ga ní 21, kí òjò lè ṣàn sẹ́yìn. Ẹ fi pẹpẹ kan sí àárín, tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ínǹṣì 12, torí ìwé alàwòrán ti ọmọdé ga, bí ẹ bá sì fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò sí ọmọ tí yóò rí iwájú rẹ̀. Òkè pẹpẹ náà tó fún ìwé ìtàn kékeré. Kí pẹpẹ má jìn ju ínǹṣì 7 lọ, kí ọwọ́ lè rí àyè dé ìwé tó wà nísàlẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tó ń gbowó iṣẹ́ fi ayùn oníná gé igi, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé sì fa ìlà yẹn kan àwọn olùyọ̀ǹda pẹ̀lú. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kọ ìwọ̀n sórí bébà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìtajà igi bíi Home Depot, wọn yóò gé plywood náà ní gbọọrọ fún yín níbẹ̀. Gígé ẹ̀gbẹ́ tó dagun ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àgbàlagbà. Wíwọn, lílu ihò, fífi síkúrù dè é, yíyọ́ igi pẹ̀lú bébà oníyanrìn àti kíkùn ló kù, iṣẹ́ tó tó ọmọ mẹ́fà ṣe ní ọjọ́ méjì ni.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù igi tí omi kì í tú sí gbogbo oríkèé, kí ẹ tó fi síkúrù ti ìta tó gùn ní ínǹṣì 1⅝ mú un. Síkúrù inú ilé yóò dípẹtà, ìpẹtà yẹn á sì máa ṣàn sára ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ fún síkúrù kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu plywood yóò là.

Omi ni ọ̀tá, kì í sì í wọlé níbi tí ojú ń wò. Ẹnu tí wọ́n ti gé plywood ló máa ń mu ún jù: àwọn ìpele tín-ín-rín inú rẹ̀ á rin, á wú, á wá ṣí bí ewé ìwé. Nítorí náà ẹ kun gbogbo ẹnu igi ní práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá ìsàlẹ̀ àpótí tí ẹnikẹ́ni kò rí àti abẹ́ ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ máa ń gbàgbé. Kí òrùlé yọ kọjá ara àpótí ní ínǹṣì 2 ní ẹ̀gbẹ́ àti ní iwájú, kí ẹ sì fi ayùn fa ojú ìlà kan sí abẹ́ ẹnu òrùlé iwájú, kí omi lè já bọ́ síbẹ̀ dípò kó máa yọ́ padà wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ dí àlàfo, ẹ wá ìdílà tó ṣeé kùn. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ silicone lásán, ìlà funfun yóò sì máa yọ lára iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ.

Afẹ́fẹ́ náà ṣe pàtàkì. Àpótí tí kò ní ihò máa ń làágùn nínú nígbà tí oòrùn bá là lẹ́yìn òjò, ìwé á sì bu láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan wọlé. Ihò ½ ínǹṣì mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lábẹ́ òrùlé, tó. Ẹ fi àwọ̀n wáyà kéékèèké bo inú wọn, torí agbọ́n fẹ́ràn ibẹ̀.

Ilẹ̀kùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ lo ike acrylic tó mọ́ gaara dípò gíláàsì. Èyí tó nípọn ⅛ ínǹṣì ti tó. Oòrùn máa ń mú kó tóbi, òtútù á tún mú kó sún kì. Bí ihò tí síkúrù gbà bá fún un mọ́lẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò ti sán. Kí ihò náà tóbi ju síkúrù lọ díẹ̀, ẹ má sì fún un pa. Ẹ lo hínjì irin tí kì í dípẹtà, kó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, torí ọmọdé yóò rọ̀ mọ́ ọn. Òòfà kékeré méjì ló dára jù láti fi tì í. Ìkọ́ tí a ń fọwọ́ yí máa ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, bí òjò bá sì rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ìwé ti lọ nìyẹn.

Ní ti àwòrán ara rẹ̀: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya ohun tó wù wọ́n, àmọ́ ọ̀dà ara ilé ti ìta ni kí wọ́n lò. Ọ̀dà inú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń ya àwòrán ní kíláàsì yóò bó bí ẹ kò bá fi ọ̀dà aláìláwọ̀ ti ìta bo orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, torí ojú ọ̀dà tútù méjì tó bá kanra yóò lẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá fà á yóò sì bó o kúrò.

Òpó

Òpó igi tí wọ́n ń pè ní 4x4 (ínǹṣì), tí wọ́n ti fi oògùn rẹ kó má bàa jẹrà, ni kí ẹ rà. Gígùn ẹsẹ̀ bàtà 8 ni wọ́n sábà ń tà. Ẹ gé e sí 5. Ìdajì rẹ̀ yóò wà nínú ilẹ̀, ìdajì lókè. Ìsàlẹ̀ àpótí yóò wá wà ní ínǹṣì 30 sílẹ̀, ọmọdé á lè nawọ́ dé e, ẹni tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ náà á lè dé pẹpẹ òkè, torí ìlànà ADA, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, ní kí ohun tí a ń nawọ́ mú má ga ju ínǹṣì 48 lọ. Ìyẹn kò wúlò bí koríko tàbí ẹrẹ̀ bá wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ líle ni kó wà níbẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ínǹṣì 10, tó jìn ní 36. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ ínǹṣì 6 sísàlẹ̀ kí omi má dúró ní ìdí òpó. Àpò kọnkéré atètègan mẹ́ta, oníwọ̀n pound 50, ni yóò kún un. Ní gbígbẹ ni ẹ ó dà á yí òpó ká, kí ẹ tó da omi bíi gálọ́ọ̀nù kan lé e fún àpò kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń le láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40, nítorí náà kí ẹnì kan di ìwọ̀n-ọ̀gbọọrọ (spirit level, tó ń fi hàn bóyá nǹkan dúró ṣánṣán) mú sára òpó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dagun, ó ti dagun. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹ tó gbé àpótí lé e. Ìjìnlẹ̀ yìí tó fún Maryland. Ní Minnesota tàbí Wisconsin, yìnyín máa ń wọ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì máa ti òpó tí kò jìn sókè lọ́dọọdún, nítorí náà kí ẹ bi àwọn oníṣẹ́ ilé ibẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kò nílò kó fi ọkọ̀ òkun kó àpótí wá. Káfíńtà àdúgbò yóò kàn án. Òpó nìkan ni kó yí padà: páìpù irin ni kó lò dípò igi, nítorí ikán.

Ìwé inú rẹ̀

Kò yẹ kó kún fọ́fọ́. Ìwé 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan ló dára jù, ìdajì ti ọmọdé. Bí ó bá kún jù, ọwọ́ kì í rí àyè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ tà á rí púpọ̀ kó. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà, kò sì sí àgádágodo tó lè dí i lọ́wọ́. Òǹtẹ̀ tó ń sọ pé ẹ̀bùn ni ìwé náà, kì í ṣe títà, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí etí ìwé tó hàn síta, máa ń mú kó ṣòro láti tà.

Ìwé tí ilé ìkàwé yọ kúrò nínú àkójọ rẹ̀ ló sábà máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ yín. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà dúdú pa ìlà barcode rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì fi òǹtẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n ti yọ ọ́ lù ú. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn rere yóò máa dá a padà sí ilé ìkàwé, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà lásán.

Àwọn èèyàn yóò kó ìdọ̀tí wá: ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti ọdún pípẹ́, ìwé ìmọ̀ gbogbogbò (encyclopedia) tó ku ìdajì, ìwé ìléwọ́ ìjọ. Èyí tó bá bu, ẹ jù ú nù lọ́jọ́ náà, torí ó ń ran èyí tó kù. Bí ẹ bá fura sí ìdun, ẹ di ìwé náà sínú ọ̀rá, kí ẹ fi sínú fírísà tó wà ní ìwọ̀n òtútù 0 Fahrenheit fún ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó bá ti wà níbẹ̀ fún oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò mú, ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Ìwé Yorùbá ti ọmọdé kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá ní àdúgbò tí àwọn ará wa pọ̀ sí, òbí ni yóò sì máa mú un. Àjọ náà ní ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, Read in Color, tó ń gbé ìwé nípa onírúurú ẹ̀yà lárugẹ. Àkójọ orúkọ ìwé inú rẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ àti ẹni tí yóò máa bójú tó o

Láìforúkọ sílẹ̀, ẹ kò lè lo orúkọ Little Free Library, torí àmì òwò ni, ẹ kò sì lè wà lórí máàpù wọn. Máàpù yẹn ni ìdí tí a fi ní kí ẹ san owó náà: òun ni ẹni tó fẹ́ fi ìwé ṣe ẹ̀bùn fi ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Bí àdúgbò yín kò bá lówó, ètò wọn tó ń jẹ́ Impact Library máa ń fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní àpótí àti ìwé ìbẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nínú àwọn tí wọ́n ń tà, ti igi nílò ọ̀dà tuntun láti ìgbà dé ìgbà. Ti ohun àtúnlò kì í jẹrà, àmọ́ ọ̀dà kì í fẹ́ mú un dáadáa, bẹ́ẹ̀ kíkùn ni àwọn ọmọ fẹ́.

Ìmọ̀ràn wọn fún alábòójútó dára fún onílé kan tí àpótí wà níwájú ilé rẹ̀. Kò bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mu, torí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kì í dúró sójú kan. Ní oṣù June, àwọn tó dàgbà jù á parí ẹ̀kọ́, wọ́n á lọ sí yunifásítì, ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà á bá wọn lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ímeèlì ọmọ kan ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Lọ́dún kejì, kò sí ẹni tó lè wọlé lọ tún ohun tó wà lórí máàpù ṣe. Ímeèlì ẹ̀ka ilé ìkàwé ni kí ẹ lò. Ẹ gbé iṣẹ́ lé àwọn tó kéré lọ́wọ́ ní April, kí àwọn àgbà tó bọ́ sínú ìdánwò, kí wọ́n sì jọ lọ yẹ àpótí wò ní oṣù kan gbáko.

Ọmọ méjì lọ́sẹ̀ kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: kí wọ́n ka iye ìwé, kí wọ́n yọ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n tì í, kí wọ́n wo abẹ́ òrùlé fún agbọ́n, kí wọ́n ya fọ́tò kan, kí wọ́n kọ ọ́ sí Google Sheets tí gbogbo ẹgbẹ́ ń rí. Iye ìwé tó ń wọlé tó ń jáde ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ibi tí ẹ gbé e sí dára. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí àgbàlagbà kan bá wọn fún síkúrù hínjì, kó sì wo ẹnu igi bóyá ọ̀dà ti ń là. Ìgbà ìsinmi ẹ̀rùn ló nira jù, torí àwọn ọmọ á ti rìnrìn àjò. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà oṣù July àti August jáde kó tó di pé ilé ẹ̀kọ́ ti.

Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tí yóò máa bójú tó o mọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹ wọ orí ìtàkùn àjọ náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí máàpù, ẹ sọ fún onílẹ̀, ẹ gbé àpótí kúrò lórí òpó, ẹ gé òpó mọ́lẹ̀ ní ínǹṣì mélòó kan sábẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Àpótí náà ṣì lè lọ sí ẹ̀ka mìíràn tó ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.